Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ àti Kẹ́ẹ̀gì Funfun Mẹ́fà

Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni. Ọdún méjìlélógún ló fi ti kẹ̀kẹ́ aṣọ ìdọ̀tí nílé ìwòsàn ńlá tó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ wa, láti wọ́ọ̀dù dé ilé ìfọṣọ, láti ilé ìfọṣọ padà sí wọ́ọ̀dù. Àwọn nọ́ọ̀sì ló fi orúkọ náà dá a lọ́lá, nítorí pé bó bá ti ń bọ̀ ní kọ́rídọ̀, dókítà pàápàá á fara mọ́ ògiri. Kẹ̀kẹ́ náà ga jù ú lọ. Ẹni tó bá ń bọ̀ níwájú kì í rí i rárá. Òkìtì bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì ni yóò rí tó ń dá rìn bọ̀, tó ń fi imú kọrin.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Orúnkún náà mọ̀wé kọ ju ẹni tó ni ín lọ. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kẹ̀kẹ́ títì ti tán nìyẹn. Bó bá tún fi ọdún kan ti òkìtì aṣọ yẹn, ọ̀pá ni yóò fi máa rìn. Àyè kan ṣoṣo ló sì wà nílé ìfọṣọ tí ènìyàn lè jókòó ṣe: ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá. Bàbá tó wà níbẹ̀ fẹ́ fẹ̀yìntì ní oṣù méjì sí i. Bí Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ bá rí àyè yẹn gbà, ó bọ́. Bí kò bá rí i gbà, yàrá ẹ̀yìn ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń lọ, kó máa wo ògiri títí Ọlọ́run yóò fi pè é.

Ohun tó dínà ni kẹ́ẹ̀gì. Oríṣi omi mẹ́fà ni wọ́n ń dà sínú ẹ̀rọ náà: ọṣẹ olómi, bílíìṣì, oògùn àbàwọ́n, apakòkòrò, sítáàṣì, àti èyí tó ń mú aṣọ rọ̀. Tẹ́lẹ̀, kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ sì mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ àwọn ará ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn pààrọ̀ ẹni tó ń kó ọjà wá fún wọn. Kẹ́ẹ̀gì tuntun dé, gbogbo wọn funfun, gbogbo wọn ga bákan náà, ìwé aláwọ̀ búlúù kan náà sì lẹ̀ mọ́ gbogbo wọn láyà. Àfi kí ènìyàn kà á. Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ kò sì mọ̀ ọ́n kà.

Ọ̀gá ilé ìfọṣọ, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín kí aago tó lu méjì ọ̀sán, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mo mọ̀ pé o mọ iṣẹ́ yìí ju ẹni tó ń ṣe é lọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí o bá da bílíìṣì síbi tí kò yẹ, èéfín rẹ̀ lè fọ́ ọ lójú. Ìwọ fúnra rẹ ni o máa ka kẹ́ẹ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún mi, bó bá ṣe wù mí ni n ó tò wọ́n, mi ò sì ní ṣí ìdérí kankan."

"Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ ò ní ṣí i?"

"Nítorí mo mọ imú rẹ."

Òótọ́ ni. Imú Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ lè sọ wọ́ọ̀dù tí aṣọ ti wá láìwo nọ́ńbà tí wọ́n rán mọ́ ọn. Ká ní imú ni wọ́n fi ń kàwé, ì bá ti di lọ́yà.

Bó ṣe dé kíláàsì wa nìyẹn.

Kíláàsì wa wà fún àwọn àgbà tí ìwé kò bá ṣọ̀rẹ́ nígbà èwe. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, àwọn kan wà tí ohun tí wọ́n kọ́ lánàá kì í dúró dòní, ẹnì kan sì wà tí etí rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, tó máa ń yí èkejì sí wa nígbàkigbà tí a bá fẹ́ fún un níṣẹ́ àṣetiléwá. Tíṣà wa kéré sí àbíkẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù ẹni ọgọ́rin ọdún. Èmi ni olùrànlọ́wọ́. Iṣẹ́ mi ni láti jókòó ti ẹni tí nǹkan bá le fún, kí n bá a di ìwé mú kó má yọ̀, kí n bá a sún àga, kí n sì tún ọ̀rọ̀ Tíṣà sọ fún un wẹ́wẹ́. Sẹ́kọ́ńdírì ni ìwé tèmi parí sí. Ṣùgbọ́n mo ti tọ́ ọmọ mẹ́rin yanjú, wọ́n ti fọ́n ká, ọwọ́ mi sì dilẹ̀. Ọlọ́run ló mọ̀ pé bí mi ò bá rí ẹni tí n ó bá so okùn bàtà ní kíláàsì, mo lè délé kí n máa wá bàtà ọkọ mi so, bàtà ọkọ mi kò sì ní okùn.

Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Tíṣà ti kìlọ̀ fún mi. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú ná. Ẹ máa ka oókan dé ogún nínú yín kí ẹ tó ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò kà kọjá ẹẹ́ta rí.

Wọ́n fi Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ tì mí. Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Lẹ́tà ni kì í gbà fún un. Ó ní bí òun bá tẹjú mọ́ wọn, ńṣe ni wọ́n ń fọ́n ká bí èèrà tí wọ́n da omi sí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n pè é ní ọ̀lẹ, wọ́n nà án, ó sì sá kúrò nílé ìwé. Kò padà mọ́ títí orúnkún fi tì í wọlé sí wa.

Tíṣà kọ orúkọ omi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí káàdì, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lára kẹ́ẹ̀gì. Ọ̀sẹ̀ kìíní, Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ ń tàsé. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń gbà á díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, bí Tíṣà bá gbé káàdì sókè, Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ á wò ó, á wojú mi, á họ àgbọ̀n, á sì sọ ọ́: "Apakòkòrò." Tíṣà á gbé òmíràn. "Sítáàṣì." Èmi á pàtẹ́wọ́, n ó kígbe Halelúyà. Ẹnu ya Tíṣà, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Èmi ò sì lè pa á mọ́ra. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jẹ́rìí pé Olúwa ti lo èmi ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ láti la ojú ẹnì kan. Wọ́n kọrin fún mi. Mo jó díẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n dán an wò nílé ìfọṣọ, òtútù mú mi. Mo ń sín, mo ń wúkọ́. Tíṣà fún mi ní ìbòmú kan, pé kí n fi bo imú àti ẹnu kí n má baà kó o ran gbogbo kíláàsì. Mo wọ̀ ọ́, mo jókòó ti Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́. Tíṣà gbé káàdì sókè. Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ wò ó. Ó wojú mi. Ó wo káàdì. Ó tún wojú mi. Ó họ àgbọ̀n títí àgbọ̀n fi pọ́n.

"Màmá," ó ní jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ ò lè fa nǹkan yẹn wálẹ̀ díẹ̀?"

"Kí lẹ fẹ́ fi imú mi ṣe?"

"Kì í ṣe imú."

Ẹ̀rín bú lẹ́yìn wa. Aránṣọ ni. Obìnrin yìí ló rán yúnífọ́ọ̀mù gbogbo ilé ìwé àdúgbò kí àìsàn tó mú un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àga onítáyà ló fi ń rìn báyìí, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n, àmọ́ àìsàn náà kò dé ahọ́n rẹ̀.

"Ẹ ṣàánú rẹ̀, Màmá!" Ó ń nu omi ojú. "Ìwé rẹ̀ lẹ bò mọ́lẹ̀ yẹn!"

Tíṣà gbé káàdì sílẹ̀. Ó wò mí, ó wo Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́. "Màmá, ẹ yọ ìbòmú."

Mo yọ ọ́. Ó gbé káàdì kan sókè. "Bílíìṣì," ni Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ wí kíá.

"Ẹ wọ̀ ọ́ padà."

Mo wọ̀ ọ́. Ó gbé káàdì mìíràn. Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ dákẹ́ bí rédíò tí iná lọ mọ́ lẹ́nu. Wọ́n yọ ọ́, ó sọ̀rọ̀. Wọ́n wọ̀ ọ́, ó dákẹ́. Nígbà kẹta, Tíṣà kò wo káàdì mọ́ rárá, èmi ló ń wò.

Ètè mi ló ń ka ìwé náà. Mo fi Ọlọ́run búra pé mi ò mọ̀. Àmọ́ ẹ bi ìyá èyíkéyìí tó ti fi ṣíbí fún ọmọ lóúnjẹ rí: ẹnu ta ló máa ń kọ́kọ́ là? Ẹnu tèmi ti là fún ọmọ mẹ́rin, kò tíì padà pa dé dáadáa. Bí káàdì bá ti jáde báyìí, ètè mi ti sọ ohun tó wà níbẹ̀ tán láìgbọ́ ohùn, Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ á sì kà á lójú mi bí ẹni ka ìwé ìròyìn.

"Ṣé gbogbo yín lẹ mọ̀?" mo bi kíláàsì.

Wọ́n ń wo orí tábìlì. Elétí kan ṣoṣo yí etí tó kú sí mi.

Nígbà tí a jáde, mo bá Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ lórí bẹ́ǹṣì ní kọ́rídọ̀, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé ẹnu mi lẹ ń kà?"

"Láti ọ̀sẹ̀ kejì. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, mi ò tíì mọ ẹnu yín dáadáa."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó ń fọwọ́ pa orúnkún. "Inú yín ń dùn, Màmá. Ẹ ń pàtẹ́wọ́, ẹ ń kígbe Halelúyà. Ẹ sọ fún wa lọ́jọ́ yẹn pé láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti lọ, kò sẹ́ni tó nílò yín mọ́ nílé. Mo wá ní kí n ràn yín lọ́wọ́."

Mo jókòó tì í. Èmi olùrànlọ́wọ́. Ó ti tó oṣù kan tí ọkùnrin yìí ti ń fi sùúrù ràn mí lọ́wọ́, tí mo tún lọ jó lé e lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Àti kẹ́ẹ̀gì ńkọ́?" mo ní. "Ṣé èmi ni n ó máa jókòó sórí ẹ̀rọ, tí n ó máa la ẹnu sí yín ni?"

Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. "Mo rò pé bó bá yá, yóò kàn wọlé fúnra rẹ̀." Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Yàrá tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kó mi sí yẹn, Màmá, kò ní fèrèsé."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù, ọkùnrin náà kò sì mọ kẹ́ẹ̀gì kan kà.

Tíṣà kò bínú. Ì bá sàn fún mi kó bínú. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé páànù pẹlẹbẹ kan wá, ó da ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú kún un, ó gbọ̀n ọ́n kó tẹ́jú. "Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́, ẹ fi ojú sílẹ̀ ná. Ojú yín ni lẹ́tà ń sá fún. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá wọn á lè sá fún ìka yín."

Ó di ìka rẹ̀ mú, ó bá a kọ lẹ́tà gàdàgbà sínú ọṣẹ náà, wọ́n tún un kọ, wọ́n tún un kọ. Lẹ́yìn náà, ó ní kó máa fi ìka kọ ọ́ sí itan rẹ̀, lórí ṣòkòtò, bó bá ti ń wo káàdì. Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ gbádùn ọṣẹ náà. Ó ní ó ń rùn bí iṣẹ́.

Wàhálà tó kù ni èmi. Tíṣà ní kí n bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ yí ọrùn títí ọrùn fi dún. Wọ́n ní kí n fọwọ́ bo ẹnu. Ó di pé ó ń ka ìpéǹpéjú mi: bó bá gbà á, ó gòkè, bó bá tàsé, ó sọ̀ kalẹ̀. Ìpéǹpéjú mi kò ní ìtìjú kankan. Wọ́n ní kí n máa wo ilẹ̀. Mo wo ilẹ̀, àmọ́ ẹnu ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ bu omi sí i fún wọn!" ni Aránṣọ ké láti ẹ̀yìn. Eré ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n Tíṣà gbójú sókè, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tí ń bu omi sẹ́nu, tí ń dorí kodò wo sílípáàsì ara rẹ̀, ní ọjọ́ orí mi. Kí n bu omi, kí n má gbé e mì, kí n má tu ú, títí Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ yóò fi sọ èyí tó bá fẹ́ sọ, ì báà tàsé. Lọ́jọ́ kìíní, mo gbé ife mọ́kànlá mì, nítorí gbogbo ìgbà tó bá ti fẹ́ ṣì í ni ọ̀rọ̀ ń sún mi. Ẹsẹ̀ mi kò kúrò nílé ìtọ̀. Aránṣọ ń kà á fún mi: "Ẹ̀kẹjọ nìyẹn, Màmá! Ṣé àgbá ni yín ni?"

Mo gbé iṣẹ́ náà relé láti fi ṣe ìdánrawò. Mo bu omi sẹ́nu, mo ń fọ abọ́. Bàálé mi wọlé, wọ́n bi mí léèrè nǹkan, mo fi ẹnu mi hàn wọ́n. Wọ́n dúró. Wọ́n wò mí yí ká bí ẹni wo mọ́tò tó fẹ́ rà. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí mo ti ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ nípa kọ́bọ́ọ̀dù tí màmá rẹ gbé fún wa."

Wọ́n sọ ọ́ parí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ kan lójú mi. Ó dùn mọ́ wọn, wọ́n bọ́ sórí ti àwọ̀ tí mo fi kun ògiri pálọ̀. Wọ́n dé orí ẹ̀kẹta kí n tó rí ibi tu omi sí, wọ́n sì ti wọ yàrá, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin pè lórí fóònù, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún un pé, "Ìyá yín wà nílé ìwé ẹnu pípa mọ́. Má dà á láàmú, ó ń ṣe dáadáa."

Ọlọ́run nìkan ṣoṣo ni mo lè bá sọ̀rọ̀ láìlanu lásìkò yẹn, mo sì bá a sọ ọ́ dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òfo. Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ ń kọ lẹ́tà sí itan, ó ń sọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Tíṣà gbé káàdì sókè. Mo ń wo sílípáàsì. Mo ka oókan dé ogún, mo tún un kà. Mo ń gbọ́ ìka rẹ̀ lórí ṣòkòtò, ṣìì, ṣìì, ó ń dúró, ó ń bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ débi pé ẹnìkan ní ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bísíkíìtì. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wá, bí ẹni ń bá òkúta sọ̀rọ̀: "Ọ… ọṣẹ. Ọṣẹ olómi."

Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Òun ló kà á. Omijé bọ́ lójú mi, omi kún ẹnu mi, mi ò mọ èyí tí n ó kọ́kọ́ mójú tó.

Láti ọjọ́ yẹn, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí ọ̀kan lè gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìdí òmíràn mẹ́rin. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ó mọ márùn-ún dájú, apakòkòrò ló ń yọ ọ́ lọ́wọ́.

Ìlànà ilé-ẹ̀kọ́ wa ni pé olùrànlọ́wọ́ lè bá akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi ìdánwò. Tíṣà kò fẹ́ kí n lọ. Ó wojú Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ pé kó sọ pé rárá. Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá. Bí wọn ò bá wá, wọ́n á kú sílé."

Ilé ìfọṣọ náà gbóná bí inú ìkòkò. Ẹ̀rọ náà tóbi tó yàrá kékeré, ó ń lọ, ó ń mí, bàbá tó fẹ́ fẹ̀yìntì sì jókòó tì í lórí àpótí onígi. Lórí tábìlì tí wọ́n ń ká aṣọ sí, kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà dúró ní ìlà, ìdérí wọn le pa. Ọ̀gá ilé ìfọṣọ ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ oókan dé ẹẹ́fà sí iwájú wọn, ó sì di bébà kan mú tí òun nìkan mọ ohun tó wà níbẹ̀. Èmi ti bu omi sẹ́nu láti ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Ṣé dáadáa lẹ dé?"

Mo mi orí.

Ó wo Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́. "Ṣé wọn kì í sọ̀rọ̀ ni?"

"Wọ́n ń sọ ọ́," ni Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ fèsì. "Ìyẹn ni wàhálà ibẹ̀."

Ó dojú kọ kẹ́ẹ̀gì kìíní. Ó gbé ìka lé itan. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó rí ojú ọ̀gá rẹ̀, ojú obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín yẹn, tó ti là sílẹ̀ gbàgà tó ń bá a gbàdúrà kó gbà á. Ó wo tèmi. Ó gbé ìka kúrò.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ojú yín ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin àti Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjú sí ògiri."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin méjèèjì."

Bí àwa ìyá àgbà méjì ṣe dúró nìyẹn, imú wa kan ògiri, bí ọmọ ilé ìwé tó pariwo ní kíláàsì. Bàbá ìdí ẹ̀rọ wúkọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni.

"Oókan," ni Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣìì, ṣìì. Ó pẹ́. "Ọṣẹ olómi."

Ọ̀gá ilé ìfọṣọ wo bébà rẹ̀.

"Eéjì… sítáàṣì." Ó pẹ́ sí i. "Ẹẹ́ta, oògùn àbàwọ́n."

Mo ti ń ka àwọn tó kù nínú mi: bílíìṣì, apakòkòrò, èyí tó ń mú aṣọ rọ̀. Olúwa, má jẹ́ kí apakòkòrò yọ ọ́ lọ́wọ́.

"Ẹẹ́rin." Ìka náà rìn, ó dúró, ó tún rìn. "Ọṣẹ olómi."

Ara mi bù máṣọ. Ó ti sọ ọṣẹ olómi lẹ́ẹ̀kan! Kẹ́ẹ̀gì kìíní ni! Ó ti dé ibi apakòkòrò, ó ti ṣì í, yàrá tí kò ní fèrèsé ti ṣí ilẹ̀kùn dè é. Mi ò mọ ìgbà tó jáde. Omi wà lẹ́nu mi, ètè mi pa dé, imú ló ti bá mi jáde: "Hùn-ún!" Bí ìyá ṣe ń hùn sí ọmọ tó fẹ́ fọwọ́ kan iná.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ pàápàá dà bí ẹni dákẹ́.

"Ta ló hùn?" ni ọ̀gá ilé ìfọṣọ bèèrè lójú ògiri. "Ṣé ẹ̀rọ ni?"

"Kì í ṣe ẹ̀rọ," ni Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ wí. "Màmá ni."

Mo ń wo ibi tí ọ̀dà ti là lára ògiri, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó gbà mí wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ ìka náà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀. Ó lọ jẹ́jẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Gbogbo oṣù yẹn, èmi kò tíì fi ojú tàbí ẹnu sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ fún un rí.

"Màmá, mo gbọ́ yín," ó ní níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n ọṣẹ olómi ló wà níbí. Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi."

Ó ka aárùn-ún, èyí tó ń mú aṣọ rọ̀. Ó ka ẹẹ́fà, bílíìṣì. Ó ní òun ti parí.

Ọ̀gá ilé ìfọṣọ yí padà. Èmi kò lè yí padà. Ó bá mi lójú ògiri níbẹ̀.

"Màmá, ẹ gbé omi yẹn mì, kí ẹ gbọ́ mi." Mo gbé e mì. "Ọṣẹ olómi méjì ni mo gbé kalẹ̀. Apakòkòrò kò sí níbẹ̀ rárá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, nítorí àwọn kan wà tó jẹ́ pé èyí tó kù nínú mẹ́fà ni wọ́n máa ń ṣírò, wọn kì í ka kẹ́ẹ̀gì. Ẹ̀yin lẹ kó sí i. Òun kò kó sí i." Ó gbé bébà sílẹ̀. "Bí ẹ bá ti hùn fún un lórí èyí tó ṣì, ǹ bá ti fagi lé ìdánwò yìí. Ẹ hùn fún un lórí èyí tó gbà, ó sì kọ̀ fún yín. Kí ni mo tún ń wá?"

Mo lọ bá Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́.

"Ẹ forí jì mí," mo ní. "Díẹ̀ ló kù kí n tì yín wọ yàrá yẹn."

"Díẹ̀ ló kù kí n gbọ́ tiyín," ó fèsì. "Ohùn yín dájú, Màmá. Ẹ ò jẹ́ ṣiyèméjì rí láyé yín?"

Ọ̀gá ilé ìfọṣọ ní apakòkòrò ṣì wà nílẹ̀, kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á kó tó di ọjọ́ Ẹtì, òun náà ni yóò fi dán an wò. Àmọ́ àyè náà ti di tirẹ̀, kó jókòó kó máa wo bí bàbá ṣe ń ṣe é. Bàbá dìde lórí àpótí, ó fọwọ́ gbọ̀n ọ́n, ó ní kó jókòó.

Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ jókòó. Ó jókòó bí ẹni tó yá àga. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó gbé e kúrò. Kò tíì tó ìṣẹ́jú méjì tí aago kan dún lókè, pé aṣọ ti wà ní wọ́ọ̀dù. Ó fò dìde, ó di kẹ̀kẹ́ òfìfo kan mú, ó ti ń tì í lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń fi imú kọrin.

"Ibo lò ń lọ?" ni ọ̀gá rẹ̀ ké.

"Wọ́ọ̀dù."

"Jókòó!"

Ó padà wá, ó jókòó. Bàbá ìdí ẹ̀rọ kò wúkọ́ mọ́, ó kàn ń rẹ́rìn-ín ní gbangba.

"Báwo ló ṣe rí?" mo bi í.

Ó rò ó dáadáa. "Ó le," ó ní. "Ìdí mi kò mọ iṣẹ́ yìí."

Ilẹ̀kùn ṣí. Òkìtì bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì kan ń dá rìn wọlé, a kò rí ẹni tó ń tì í, ohùn ọkùnrin kan ni a gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ní kí a yà fún òun. Ọ̀gá ilé ìfọṣọ fara mọ́ ògiri, èmi náà fara mọ́ ọn. Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́ wo kẹ̀kẹ́ náà bó ṣe ń bọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, ó fà á sínú kí ó lè kọjá.